Tí Èrò Bá Di Omi Lọ́jà Ọdún

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, èmi àti àbúrò mi há sáàárín èrò lọ́jà Balógun, l'Ékòó. Èrò ló ń gbé wa rìn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè mí!"

Ẹ wò ó, tí èèyàn bá ti ju 5 tàbí 6 lọ lórí ilẹ̀ mítà 1 níbùú lóròó, èrò á máa ṣe bí omi: wọ́n á tì lẹ́yìn, á dé iwájú bí ìgbì. Àyà tí wọ́n fún pọ̀, tí kò ráyè gba afẹ́fẹ́, ló sábà ń pani níbẹ̀.

Mo ní kó ká apá méjèèjì síwájú àyà, kí ẹ̀dọ̀fóró lè ráyè. A ò bá èrò jà. A rọra ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ títí a fi bọ́ sínú ṣọ́ọ̀bù kan.

A ò rí bàtà ọdún rà, àmọ́ a délé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè lọ ra tiyín.