Bí A Ṣe Ń Mọ Ọ̀bàyéjẹ́ Láàárín Àwọn Tí Ń Pín Àwòrán Fún Ara Wọn

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, iṣẹ́ kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó jọ ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù púpọ̀. Dípò kí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo máa fi bọ́ọ̀lù tàbí eré ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn, kọ̀ǹpútà àwọn òǹwòran ni ó ń pín in fún ara wọn. Èyí tí ẹ bá rí gbà, ẹ óò fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. BitTorrent, tí Bram Cohen gbé jáde ní 2001, ni ó sọ irú ìpín báyìí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ní 2004, PPLive bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe tẹlifíṣọ̀n ní Ṣáínà.

Ibi tí ọwọ́ púpọ̀ bá wà, ẹni tí yóò da òkúta sínú àpò kòkó kì í wọ́n níbẹ̀. Àwọn kan ń gbà láìfúnni. Ìyẹn ṣì kéré. Ẹni tí ń fi ayédèrú ránṣẹ́ ni ó burú. Ní 2007, àwọn olùwádìí kan ní Brooklyn, ní Amẹ́ríkà, dán an wò lórí PPLive, ọṣẹ́ rẹ̀ sì pọ̀ gan-an, nítorí pé ẹni tí ó gba ayédèrú a tún fún ẹlòmíràn láìmọ̀.

Èdìdì ni a fi ń mọ ayédèrú. BitTorrent a gé fáìlì sí wẹ́wẹ́, a sì ṣírò nọ́ńbà kan láti inú ègé kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnikẹ́ni bá yí ohun kékeré padà níbẹ̀, nọ́ńbà náà kò ní bá ti àkọ́kọ́ mu mọ́, a ó sì da ègé náà nù. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá lọ́wọ́ kò lè ní nọ́ńbà sílẹ̀ ṣáájú. Àfi kí ẹni tí àwòrán ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá máa fọwọ́ sí i bí ó ti ń jáde. Ìyẹn a máa ni kọ̀ǹpútà lára, nítorí náà wọ́n lè kó nọ́ńbà ègé púpọ̀ jọ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan.

Àwa tí ń yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò mọ̀ pé rírí àṣìṣe yàtọ̀ sí mímọ ẹni tí ó fà á. Bí a bá ní kí àwọn òǹwòran máa fẹjọ́ ara wọn sùn, ọ̀bàyéjẹ́ gan-an ni yóò kọ́kọ́ fi olóòótọ́ sùn. John Douceur sì ti ṣàlàyé ní 2002 pé ẹnìkan lè di ọgọ́rùn-ún orúkọ mú, níbi tí kò bá sí ẹni tí ń fìdí orúkọ múlẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ irú èyí nídìí owó yíyá! Nítorí náà, iye ẹ̀sùn kò tó. Ègé tí ó bàjẹ́ náà ni a ó rí, pẹ̀lú àmì ọwọ́ ẹni tí ó fi í ránṣẹ́. Níbi tí àmì ọwọ́ kò bá sí, kí òǹwòran já okùn tí ó so òun pọ̀ mọ́ ẹni náà, kí ó sì wá ẹlòmíràn tí yóò máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀.