Ọjà tí a ń ná lórí fóònù

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ẹni tí ó bá fẹ́ ta epo pupa ní láti rù ú lọ sí ọjà Wàndó ní Àjàṣẹ́, kí ó pàtẹ, kí ó sì máa polówó títí ohùn rẹ̀ yóò fi há. Nísinsìnyí, yóò ya àwòrán ọjà rẹ̀ sórí WhatsApp kí ó tó wá sí Mísà. Kí a tó jáde, oníbàárà ti pè é láti Kútọnu, owó ti wọ inú fóònù rẹ̀, ó ku kí ó wá zémìjàn tí yóò gbé ẹrù náà lọ síbi ọkọ̀.

A kò lè ṣàì yìn ín. Àwọn opó tí kò rí owó ṣọ́ọ̀bù san ń fi í tọ́ ọmọ. Ìdí nìyẹn tí ariwo fi pọ̀ ní 2018, nígbà tí ìjọba Benin pàṣẹ pé kí a máa san fàráǹkì 5 lórí mégà kọ̀ọ̀kan tí a bá lò lórí Facebook, WhatsApp àti irú wọn. Ẹni tí ó bá lo mégà 100, owó orí nìkan di fàráǹkì 500! Ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ni ó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 22, ìjọba ti fagi lé e. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin 2019, ọjọ́ ìdìbò àwọn aṣòfin, wọ́n ti íntánẹ́ẹ̀tì pa. Ọjọ́ Ìsinmi ni. Àwọn tí ń tajà lórí fóònù sinmi tipátipá.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọjà ń gbà wọlé ni irọ́ náà ń gbà. Láìpẹ́ yìí, ẹnì kan fi ohùn ránṣẹ́ pé wọ́n ti ń po aró mọ́ epo tí ó ń ti ọ̀nà oko kan wá. Kò dárúkọ ènìyàn, ṣùgbọ́n ìyá kan ṣoṣo láàárín wa ni ó ń ra epo níbẹ̀. Àwa tí a ń kọ ojú-ewé yìí gan-an fi ohùn náà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ mẹ́ta, a ní kí àwọn ènìyàn lè ṣọ́ra ni. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìyá náà ru epo rẹ̀ padà wálé bí ó ti rù ú lọ. Owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ wà nínú epo yẹn.

A wádìí. Olúkúlùkù ní ẹlòmíràn ni ó fi ránṣẹ́ sí òun. Kò sí ẹni tí ó fojú rí aró. Ní 2018 kan náà, Póòpù Francis kọ̀wé lórí ìròyìn èké, ó sì fi í wé ẹ̀tàn ejò inú ìwé Jẹ́nẹ́sísì. A kà á nígbà náà, a sì rò pé àwọn ẹlòmíràn ni ó ń bá wí.

A kọ ọ̀rọ̀ àtúnṣe sí ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn tí wọ́n pín irọ́ náà kiri kò pín èyí. Nígbà tí a lọ bẹ ìyá náà, kò bú wa. Ó ní kí a ra ìgò méjì, kí a fi se ọbẹ̀, kí a sì fi àwòrán ọbẹ̀ náà ránṣẹ́ síbi tí a fi ohùn yẹn ránṣẹ́ sí. A ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ti ń padà rà á. Oníbàárà Kútọnu kò tíì pè.