John Paul Jones: Alágbàṣe Tó Ń To Orin Olórin

Láàárín ọdún 1964 sí 1968 ní London, ọ̀pọ̀ orin rọ́ọ̀kì ló jẹ́ pé àwòrán ẹni tó wà lára páálí àwo kọ́ ni ti ẹni tó ṣe iṣẹ́ inú rẹ̀, nítorí pé àwọn olórin alágbàṣe, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń gbà fún wákàtí mélòó kan, tí wọ́n á gbowó, tí wọ́n á sì kọjá sí ilé ìgbohùnsílẹ̀ mìíràn, ni wọ́n ń ta gìtá tí wọ́n sì ń tẹ dùùrù níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni John Baldwin, ọmọ olórin tí wọ́n bí ní Sidcup lọ́dún 1946, tí Andrew Loog Oldham, alákòóso ẹgbẹ́ Rolling Stones, wá sọ ní John Paul Jones. Yàtọ̀ sí gìtá báàsì tó ń ta, olùtòrin ni, èyí tó túmọ̀ sí ẹni tó ń kọ ipa ohun èlò kọ̀ọ̀kan sórí ìwé, tó sì ń pinnu ìgbà tí fèrè yóò wọlé àti ìgbà tí fáyólíìnì yóò dákẹ́. Òun ló to fáyólíìnì "She's a Rainbow" ti Rolling Stones (1967) yí dùùrù Nicky Hopkins ká. Òun náà ló to fèrè "Mellow Yellow" ti akọrin Donovan (1966), níbi tí wọ́n ti dí ẹnu fèrè kí ohùn rẹ̀ lè rọlẹ̀, bí ẹni ń fi ẹnu sínú ife sọ̀rọ̀.

"Hurdy Gurdy Man" (1968), orin Donovan mìíràn, ló dá ìjà sílẹ̀ lórí àwọn tó ṣe iṣẹ́ inú rẹ̀. Donovan ní Jimmy Page ló ta gìtá rẹ̀, pé John Bonham sì wà nídìí ìlù; bó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé àwọn méjèèjì àti Jones, mẹ́ta nínú àwọn mẹ́rin tó di ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Led Zeppelin, ti pàdé kí ẹgbẹ́ náà tó délé ayé, ìtàn tó dùn létí púpọ̀. Jones, tó to orin náà tó sì ta báàsì rẹ̀, ní Alan Parker ló ta gìtá, Clem Cattini ló sì lùlù. Ọ̀rọ̀ Jones ló yẹ ní gbígbà, nítorí ẹni tó pín iṣẹ́ ló mọ ẹni tó fún. Ṣùgbọ́n orúkọ Cattini, tí ìlù rẹ̀ wà nínú orin tó lé ní 40 tó gba ipò kìn-ín-ní nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò lè bá ti Bonham díje lẹ́nu ayé.

Jones sọ pé orin 50 sí 60 lòun ń tò lóṣù kan, pé iṣẹ́ náà fẹ́ pa òun. Ìyàwó rẹ̀ ló tì í pé kó lọ bá Page, Led Zeppelin sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1968 yẹn. Nígbà tí ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì R.E.M. pè é lọ́dún 1992 láti to fáyólíìnì "Everybody Hurts" àti orin mẹ́ta mìíràn, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára àwo náà.