Iṣẹ́ Ìwádìí ní Yunifásítì: Kí Nìdí Tó Fi Di Ọdún Ìkẹyìn?

Ní ọ̀pọ̀ ilé, ìgbà tí ọmọ bá dé ọdún ìkẹyìn ní yunifásítì ni òbí máa ń kọ́kọ́ gbọ́ "project". Ọmọ á ní òun nílò owó, ìyá á béèrè pé kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ìwádìí ni: kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ìbéèrè kan, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ìdáhùn, kí ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ohun tí olùkọ́ bá pè ni ọmọ yìí ń dà kọ, tó ń há sórí, tó sì ń kọ padà nínú ìdánwò. Lójijì ni wọ́n ní kó lọ ṣèwádìí. Abájọ tí àwọn kan fi ń sanwó fún ẹni tí yóò bá wọn kọ ọ́. Irẹ́jẹ sì ni, kò yẹ kí owó halal wa bá a lọ.

Ọ̀nà mìíràn wà, ó sì ti pẹ́. Ní 1824, Justus Liebig, ọmọ ọdún 21, di olùkọ́ kẹ́mísírì ní yunifásítì Giessen ní Jámánì. Kò fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n kàn máa gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu òun; ó kó wọn wọ yàrá àyẹ̀wò. Wọ́n á kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń yẹ nǹkan wò láti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà kálukú á gba iṣẹ́ tirẹ̀. Láràárọ̀ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń jábọ̀ ohun tó ṣe lánàá àti èrò rẹ̀ nípa rẹ̀, Liebig á yìn ín tàbí kó tọ́ ọ sọ́nà.

Ní Amẹ́ríkà, láti 1969 ni MIT ti ní ètò tí Margaret MacVicar dá sílẹ̀, tó ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì gba oyè kankan, títí kan ọmọ ọdún kìíní, bá ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe ìwádìí.

Ẹlòmíràn á ní owó ló ń ṣe é. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló gba ẹ̀rọ. Ọmọ ọdún kìíní lè kọ iye tí wọ́n ń ta gàárì ní ọjà Bódìjà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kó wádìí ohun tó mú un gòkè. Ohun tó le gan-an ni olùkọ́ tí yóò ráyè kà á, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá pọ̀ bí eéṣú nínú kíláàsì kan.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó fún un lówó, ẹ bi í pé: "Kí lo fẹ́ mọ̀?" Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ ní Yorùbá tí yóò yé ìyá àgbà.