Kòkòrò Kílámídíà: Orúkọ Kan, Ìdílé Púpọ̀ – Ẹ Má Fi Ìwé Àyẹ̀wò Tú Ilé Ká



Ààfáà tó bá ń parí ìjà láàrin tọkọtaya ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgàndó kò ní ṣàì mọ irú ẹjọ́ yìí. Ìyàwó ń wá ọmọ, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó ní kílámídíà. Ọkọ gbé ìwé náà wá, ó ní ìyàwó òun ti ṣe àgbèrè. Bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò tíì ṣe àyẹ̀wò kankan. Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí kòkòrò yìí jẹ́ ká tó dá ẹjọ́.

Chlamydia trachomatis ni àwọn onímọ̀ ń pè é, kì í sì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Wọ́n pín in sí ìdílé, wọ́n fi lẹ́tà sàmì sí wọn. Ìdílé A, B àti C ló ń fa tirakóómà, àrùn tó ń fọ́ni lójú. Láti D dé K ló ń wọ abẹ́ lọ́kùnrin lóbìnrin, tó sì lè gòkè dé ilé ọmọ. L1, L2 àti L3 máa ń wọ inú kókó tó wà níbi tí itan ti pàdé ikùn, á sì wú.

Ìyàtọ̀ tó wà nínú jíìnì wọn kò pọ̀, àmọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe pọ̀. Tí kòkòrò bá wọlé, ara wa a máa fi oúnjẹ kan tó ń jẹ́ tryptophan dù ú, kí ebi lè pa á. Ìdílé tó ń gbé abẹ́ ní jíìnì tó fi ń pèsè oúnjẹ yìí fúnra rẹ̀, láti ara ohun tí àwọn kòkòrò mìíràn tó wà níbẹ̀ ń tú jáde. Jíìnì yìí ti bàjẹ́ lára ìdílé tó ń gbé ẹyinjú.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ràn náà yàtọ̀. Ọwọ́, aṣọ ìnujú àti eṣinṣin ló ń gbé tirakóómà kiri láàrin àwọn ọmọdé. Ìmọ́tótó ojú, bí èyí tí à ń ṣe nínú àlùwàlá, wà lára ohun tó ń dènà rẹ̀. Ghana ṣẹ́gun rẹ̀ ní 2018, Tógò ní 2022, Bẹ̀nẹ̀ ní 2023. Ti abẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀: ìbálòpọ̀ ló ń gbé e, kì í ṣe ilé ìyàgbẹ́ tí àwọn ayálégbé jọ ń lò. Ìyá tó ní in sì lè kó o ran ojú àti ẹ̀dọ̀fóró ọmọ nígbà ìbí.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 129 ènìyàn ló kó ti abẹ́ yìí ní 2020. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní in kì í mọ nǹkan kan lára, títí tí àpá yóò fi dí ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ. Oògùn lè pa kòkòrò, ṣùgbọ́n kò lè pa àpá náà rẹ́. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ ká máa fi agbo tí wọ́n ń polówó nínú ọjà fi àkókò ṣòfò.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ìwé àyẹ̀wò kò lè sọ. Kò lè sọ ọjọ́ tí kòkòrò wọlé, nítorí ó lè wà lára fún ọ̀pọ̀ oṣù, kódà ju ọdún kan lọ, láìfara hàn. Kò lè sọ ẹni tó kọ́kọ́ ní in láàrin ọkọ àti aya. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mìíràn tilẹ̀ lè máa tọ́ka sí èyí tó ti wá tó sì ti lọ. Àyẹ̀wò pàápàá máa ń ṣìnà: ní 2006, wọ́n rí oríṣi kan ní Sweden tí apá kan jíìnì rẹ̀ ti já, tí àwọn àyẹ̀wò kan kò sì rí i mọ́.

Súúrà An-Nuur ti là á sílẹ̀ pé ẹlẹ́rìí mẹ́rin ni ẹ̀sùn àgbèrè ń béèrè, ó sì fi ìlànà ìbúra lélẹ̀ fún ọkọ àti aya. Ìwé àyẹ̀wò kì í ṣe ẹlẹ́rìí.

Ohun tó yẹ ni pé kí ọkọ àti ìyàwó, tàbí gbogbo àwọn ìyàwó tó bá ju ọ̀kan lọ, jọ lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí wọ́n gba ìtọ́jú lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sì yàgò fún ara wọn títí yóò fi parí. Ọjọ́ 7 ni wọ́n sábà máa ń lo doxycycline fún ìdílé D dé K, ọjọ́ 21 fún L. Aláboyún kì í lò ó, oògùn mìíràn wà fún un. Tí a bá tọ́jú ẹnì kan ṣoṣo, èkejì yóò tún kó o ràn án padà.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní ìwòsàn, kí Ó sì fi ọmọ rere ta àwọn tó ń wá a lọ́rẹ. Àmín.