Jẹ̀díjẹ̀dí Ni Àbí Jẹjẹrẹ Ìfun?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìtètè mólè, olè ń mólóko. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ìfun ńlá tí ó wá ń mú àwọn ọ̀dọ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ní ìhà tiwa ní Ìgbólé-Èkìtì, bí ẹ̀jẹ̀ bá bá ìgbẹ́ ọ̀dọ́ jáde, ohun tí ará ilé yóò kọ́kọ́ wí ni pé, "Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ṣúgà ló ń lá jù." Wọn a fún un ní àgbo. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dá, a ó ní ó ti san. N kò sọ pé kò sí jẹ̀díjẹ̀dí o. Òun náà a máa mú ìdí ṣẹ̀jẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ojú lásán kò lè ya ẹ̀jẹ̀ jẹ̀díjẹ̀dí sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀jẹ̀ jẹjẹrẹ.

Kókó kékeré ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ hù nínú ìfun, kì í dunni. Ó lè tó ọdún mẹ́wàá kí ó tó di jẹjẹrẹ. Bí dókítà bá tètè rí i, yóò gé e kúrò, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ní 1971, Denis Burkitt, dókítà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Uganda, kọ̀wé pé àrùn yìí ṣọ̀wọ́n ní Áfíríkà nítorí pé a ń jẹ oúnjẹ tí a kò yọ èèrí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ayé ti yí. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ rí i pé ọ̀pọ̀ aláìsàn wọn kò tíì pé ẹni 50 ọdún, àrùn sì ti tàn kálẹ̀ lára ọ̀pọ̀ wọn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, ní 2021, ìgbìmọ̀ ìjọba lórí àyẹ̀wò ara dá ọjọ́ orí tí ó yẹ kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ìfun padà láti 50 sí 45.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, bí ìgbẹ́ yín bá yí padà fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tàbí bí ẹ bá ń rù láìnídìí, ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí àrùn yìí bá ti ṣe ẹbí yín rí, ẹ wí fún un. Ilé ìwòsàn ńlá ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì, kò jìnnà sí wa. Ẹ má tijú pé wọn yóò yẹ ìdí yín wò. Kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó ná, kí a tó pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí.