Bí Sítíárìn Bá Ń Gbọ̀n, Tí Fèrè Ọkọ̀ Sì Dákẹ́

Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Nàìjíríà ló jẹ́ pé ọkọ̀ tó ti lo ọdún 15 tàbí 20 ló ń gbé wọn. Òun ló ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé, òun ló ń kó ọjà ìyá wọn. Tó bá di ọdún Kérésì tàbí Iléyá, òun náà ló máa gbé gbogbo wọn lọ sílé. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣàìní àléébù. Lónìí, sítíárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Lọ́la, wọ́n á tẹ fèrè, ìyẹn hóònù, kò ní dún. Torí pé ọkọ̀ ṣì ń lọ, tí owó ilé ìwé sì wà nílẹ̀ láti san, wọ́n á ní àwọn á ṣì máa mánéèjì ẹ̀.

Àmọ́ kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Sítíárìn ni awakọ̀ fi ń darí ọkọ̀, fèrè ló sì fi ń kìlọ̀ fáwọn ẹlòmíì. Ẹni tó bá ń ti Àbújá bọ̀, tó gba Lọ́kọ́jà àti Òkèné, mọ̀ pé tírélà lè yọ lójijì níbi kọ́nà, ewúrẹ́ tàbí ọmọdé sì lè sáré gba títì kọjá. Ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kí awakọ̀ ti máa rántí pé fèrè òun ò ṣiṣẹ́. Ohun tó dáa níbẹ̀ ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, ohun kékeré ló ń fà á, ẹni tó bá sì mọ ibi tó yẹ kó kọ́kọ́ wò kì í náwó jù.

Ohun Tí Sítíárìn Ń Sọ

Tí awakọ̀ bá yí sítíárìn, ọ̀pá kan tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ ló máa yí irin tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní rack. Irin yẹn láá wá ti àwọn ọ̀pá kéékèèké tó so mọ́ táyà iwájú méjèèjì. Gbogbo oríkèé tó wà láàárín wọn ló lè jẹ tó bá pẹ́.

Ìgbà tí sítíárìn ń gbọ̀n ló máa ń jẹ́ ká mọ ibi tí ìṣòro wà. Tó bá jẹ́ ìgbà tí ọkọ̀ bá sáré tó nǹkan bíi kìlómítà 80 ní wákàtí kan ni, táyà ni kí awakọ̀ kọ́kọ́ fura sí. Ó lè jẹ́ pé balancing ló fẹ́, tàbí kí ríìmù ti tẹ̀ nínú kòtò. Tó bá jẹ́ ìgbà tí wọ́n bá tẹ bíréèkì nìkan ló ń gbọ̀n, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ díìsì bíréèkì ló ti wọ́. Tí ọkọ̀ bá ń fà sápá kan, kí wọ́n kọ́kọ́ wọn afẹ́fẹ́ inú táyà lọ́dọ̀ fọkanáísà kí wọ́n tó lọ sanwó alignment. Tí sítíárìn bá dédé le, tó tún ń ké nígbà tí wọ́n bá ń yí i, ó lè jẹ́ pé óìlì ẹ̀ ti lọ sílẹ̀ tàbí pé bẹ́líìtì ẹ̀ ti dẹ̀. Bíbu óìlì sí i lójoojúmọ́ kọ́ ni ojútùú. Kí wọ́n wá ibi tó ti ń jò.

Èyí tí kò ṣeé mánéèjì rárá ni sítíárìn tó ń yí lásán tí táyà ò mira. Kí awakọ̀ gbé ọkọ̀ síbi tó tẹ́jú, kí táyà dojú kọ iwájú. Tó bá jẹ́ power steering, kí ẹ́ńjìnì wà ní títàn. Kó wá rọra máa yí i sọ́tùn-ún sósì, kí ẹlòmíì máa wo táyà. Tí etí sítíárìn bá yí ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 kí táyà tó mira, àfàìmọ̀ ni kò fi ní jẹ́ pé oríkèé kan ti jẹ. Tí oríkèé yẹn bá lọ yọ lórí eré, táyà ò ní gbọ́ràn sí awakọ̀ lẹ́nu mọ́.

Fèrè Tó Dákẹ́

Iná bátìrì ló ń mú kí fèrè dún. Ó máa ń gba inú fíùsì àti rílè kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ fèrè níwájú ọkọ̀. Bọ́tìnnì orí sítíárìn ló ń pàṣẹ.

Fíùsì ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí òun ló rọjú jù. Tó bá ti jó, kí wọ́n fi èyí tí nọ́ńbà ara ẹ̀ bá a mu rọ́pò ẹ̀. Ẹni tó bá fi wáyà lásán tàbí bébà inú páálí sìgá dí i ń pe iná wá sínú ọkọ̀ ni. Tí tuntun náà bá tún jó, wáyà kan ti bó síbì kan.

Tí fíùsì bá dáa, kí ẹnì kan tẹ fèrè, kí ẹlòmíì tẹ́tí sí rílè. Tó bá dún kẹ́, á jẹ́ pé àṣẹ ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Fèrè fúnra ẹ̀ tàbí wáyà ẹ̀ ló ṣeé ṣe kó níṣòro, torí pé iwájú nísàlẹ̀ níbi tí ẹrẹ̀ àti omi òjò ti ń ta sí ló sábà máa ń wà. Tí rílè ò bá dún rárá, ó lè ti bà jẹ́, ó sì lè jẹ́ pé àṣẹ ò kúrò lórí sítíárìn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ tí kò ní airbag, òrùka bàbà kan wà lábẹ́ sítíárìn. Tó bá dọ̀tí, fèrè lè dún nígbà tí wọ́n bá yí sọ́tùn-ún, kó má dún tí wọ́n bá yí sósì. Sáńpépà tó kúnná ti tó láti fi tún un ṣe.

Ibi Tí Ìṣòro Méjèèjì Ti Pàdé

Ti àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ní airbag, irú bíi Corolla àti Camry, yàtọ̀. Wáyà pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní clock spring ló ká jọ sínú sítíárìn wọn. Òun ló ń gbé àṣẹ fèrè, òun náà ló sì ń gbé iná lọ sínú airbag. Tí fèrè bá dákẹ́, tí iná airbag sì tàn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, òun ni kí wọ́n fura sí.

Ibi iṣẹ́ mẹkáníìkì gan-an ló ti máa ń já nígbà míì. Tí wọ́n bá tú rack, tí wọn ò sì de sítíárìn mọ́lẹ̀, tó wá ń yí gbirigbiri, wáyà yẹn á já. Torí náà, kí ẹni tó fẹ́ tún sítíárìn ṣe sọ fún wọn pé kí wọ́n dè é kó dúró lọ́gbọọrọ. Kó tó sanwó, kó tẹ fèrè, kó sì wò ó bóyá iná airbag ti kú.

Tí ríwáyà bá wá sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kàn fi bọ́tìnnì kan síbí, owó kékeré ni,” kí onímọ́tò rò ó dáadáa. Lóòótọ́, fèrè á dún. Àmọ́ awakọ̀ á ní láti máa gbọ́wọ́ kúrò lórí sítíárìn nígbà tó nílò ẹ̀ jù. Wáyà airbag ṣì wà ní jíjá, ó sì lè má yọ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá forí gbárí. Bákan náà, ọmọ iṣẹ́ tí kò mọ̀ nípa airbag ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan án, torí ó lè bú jáde mọ́ ọn lójú. Ṣe ni wọ́n máa kọ́kọ́ yọ orí bátìrì, tí wọ́n á sì dúró fún ìwọ̀nba àkókò tí ìwé ọkọ̀ sọ.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ti tó láti yẹ gbogbo èyí wò. Kí bàbá yí sítíárìn, kí ìyá wo táyà, kí ọmọ tẹ fèrè. Tí ọ̀kan nínú wọn bá kọ̀ tí kò dáhùn, kí wọ́n sún ìrìn àjò náà síwájú títí wọ́n á fi tún un ṣe.